Ìlù Ọwọ́ àti Ìlù Ẹ̀rọ: Tony Allen pẹ̀lú Jeff Mills

Àwọn àgbà kan láàárín wa gbà pé orin ẹ̀rọ kì í ṣe orin, nítorí pé ẹ̀rọ kì í rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí ń jó níwájú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní tiwọn ka ìlù àgbà sí ohun àtijọ́. Àwo kan wà tí a fẹ́ gbé síwájú ìhà méjèèjì: Tomorrow Comes the Harvest, tí Tony Allen àti Jeff Mills gbé jáde ní ọdún 2018.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí oníkálukú wọn ti wá. Ní Detroit, ìlú àwọn aṣe-mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti dá orin techno sílẹ̀ ní agbedeméjì àwọn ọdún 1980. Níbẹ̀ ni Mills àti Mike Banks ti dá ẹgbẹ́ Underground Resistance sílẹ̀. Wọn kò fi ojú wọn polówó àwo, kí orin fúnra rẹ̀ lè sọ̀rọ̀. TR-909, ẹ̀rọ ìlù tí ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1983, ni Mills máa ń fi ìka tẹ̀ lójú agbo bí ẹni ń lu awọ. Allen ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkó, tí a bí ní 1940. Òun ni ó lu ìlù afrobeat fún Fela títí di òpin àwọn ọdún 1970, kí ó tó wá fi Paris ṣe ibùgbé.

Nínú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìlù kékeré a máa gbè é, irin ẹsẹ̀ oníjó a sì máa dá a lóhùn. Ẹ̀rù tí ó kọ́kọ́ bà wá ni pé ẹ̀rọ Mills yóò gbé ìlù Allen mì. Òdìkejì rẹ̀ ni a gbọ́. Mills fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ìlù kékeré: ó ń ka àkókò láìyẹ̀, kò sì yájú sí àgbà. Ẹ fetí sí ìlù ńlá tí Allen ń fi ẹsẹ̀ lù: kì í fi gbogbo ìgbà balẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ bá tẹ̀; a máa ṣáájú, a máa kẹ́yìn, a sì tún padà wá bá a. Ní àlàfo àárín méjèèjì ni Jean-Phi Dary ti ń fi dùùrù rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀.

Àwo náà ní àbùkù. Orin mẹ́rin péré ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí sì ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn dé ibi pé ní ìgbà mìíràn, a ń retí kí agbo gbóná, kò gbóná. Ẹni tí àwo líle ti Mills ti mọ́ lára yóò sọ pé èyí rọ̀ jù. A kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

A gbé e sí i fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọn kò kọ́kọ́ mọ ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Nígbà tí ó ṣe, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀lé ẹ̀rọ, èjìká wọn sì ń tẹ̀lé Allen.

Allen kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, 2020. Mills ń bá iṣẹ́ náà lọ pẹ̀lú Prabhu Edouard, tí ń lu ìlù tabla ti ilẹ̀ Índíà. TR-909 ṣì wà bí ó ti wà. Ọwọ́ Allen ni kò sí mọ́. Nítorí náà, ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ ìlù nínú fóònù rẹ̀, kí ó tètè gbé e lọ bá onílù àdúgbò rẹ̀, nígbà tí bàbá náà ṣì lè jókòó ti ìlù. Kí bàbá náà má sì lé e.