Àlejò Láti Inú Òkun: Sáyẹ́ǹsì àti Ìlú Nínú Lagoon

Èrò kan kì í pẹ́ẹ́ yọjú níbi tí àwọn òǹkàwé bá ti ń jiyàn: pé ìtàn àròsọ Áfíríkà kún fún iwin àti àǹjọ̀nnú, ṣùgbọ́n pé sáyẹ́ǹsì kò sí níbẹ̀. Lagoon, ìwé Nnedi Okorafor tó jáde ní 2014, kò bá èrò náà rẹ́. Fíìmù District 9 (2009), tó fi àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Johannesburg hàn bí ọ̀daràn àti ajẹ̀nìyàn, ló bí òǹkọ̀wé náà nínú. Èsì rẹ̀ ni pé ó mú àwọn àjèjì láti òfurufú wá gúnlẹ̀ sínú òkun ní Bar Beach, l'Ékòó.

Adaora, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, ló sọ aṣojú àwọn àjèjì náà ní Ayọ̀délé. Orúkọ ọmọ tí ilé ń retí ni. Nígbà tí ará ìlú wá dìde sí i, ọmọ ilé ni wọ́n ń lù, kì í ṣe àlejò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, orúkọ ọ̀hún kò sì ní àmì lórí, débi pé ojú lè ka ayò ọlọ́pọ́n mọ́ ayọ̀. Àṣìkà tó dára ni. Ihò 12, ọmọ ayò 48, gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni apá tó dùn jù nínú ìwé náà rí: Adaora gbé ara Ayọ̀délé sábẹ́ máíkírósíkóòpù nínú yàrá ìwádìí ilé rẹ̀, kò rí sẹ́ẹ̀lì kankan, àfi kóró róbótó tíntìntín tó jọ irin. Òun fúnra rẹ̀ ló wò ó.

Ó ṣeni láàánú pé ìwádìí kò tún rí irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn àlejò ló wo ààrẹ tó ń ṣàìsàn sàn, àwọn náà ló tún omi òkun ṣe. Ẹ̀dá ènìyàn di awòran nídìí ọpọ́n tirẹ̀.

Ẹni tó bá ka ìwé yìí ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkòkómáìkò yóò tètè gba títì tó ń jẹ ènìyàn nínú ìtàn náà gbọ́. Títì Badagry ti là á yé e. Ìdúródeni náà kò ṣàjèjì sí i. Nínú ètò ọkọ̀ ojú irin Blue Line, Òkòkómáìkò ni òpin ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ láti Marina, nǹkan bíi kìlómítà 27. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, Mile 2 ló dúró sí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ́ kan náà ni ọjà Àlàbá wà, níbi tí wọ́n ti ń tú inú tẹlifíṣọ̀n àti fóònù tó ti kú, tí wọ́n ń wá ibi tó bàjẹ́, tí wọ́n sì ń jí i padà. Sáyẹ́ǹsì yẹn kò ti òfurufú bọ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣọ́jà àti olórin ráàpù ni olú ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta inú Lagoon. Kò sí atúnǹkanṣe láàárín wọn. Nígbẹ̀yìn, Ayọ̀délé di ìkúukùu, gbogbo Èkó sì fà á símú. Ohun tí ọwọ́ tó mọ irin tú yóò fi agbára tuntun náà ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìtàn tí Okorafor kò sọ.