Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ni àǹfààní àkọsílẹ̀ kúkúrú tí à ń fi ìkánjú kọ. Mo ní kó lọ wo The History of the Yorubas.

Samuel Johnson parí ìwé yẹn ní ọdún 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún ìwé náà kọ. Òun náà kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921.

Títóbi ìwé náà ni àwọn èèyàn ń yìn. Àwọn tákàdá wọ̀nyẹn lèmi ń yìn ní tèmi. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn la fi ń ka ìtàn Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí wa, àti ogun Kírìjì níbẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni, lẹ́nu. Ẹni tó ń gbọ́ wa ń rí ojú wa, ó sì ń gbọ́ ohùn wa. Lórí ìwé, ohùn ti lọ. Ti Samuel di odidi nítorí pé ọmọ ìyá rẹ̀, tó mọ ọ̀rọ̀ náà tinú-tòde, ló kà á.

Tèmi ńkọ́? Ó ti tó ogójì ọdún tí bàbá àgbà kan sọ ìtàn ogun fún mi nílé, ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Mo ń kánjú, mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan. Lóṣù tó kọjá mo ṣí ìwé náà, mo bá "won gba oko won". Ha! Ṣé oko ni wọ́n gbà ni, àbí ọkọ́? Ṣé ọ̀kọ̀ ni, àbí ọkọ àwọn obìnrin? Kò sí èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ lásìkò ogun. Bàbá ti kú. Èmi tí mo kọ́ yín ní ohùn Yorùbá, mi ò lè ka ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí ohun tí ẹ̀ ń kọ sínú fóònù. Kíkúrú rẹ̀ ò dùn mí rárá. Ẹ kọ ọ́ kúrú bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ fi àmì sí i, kí ẹ kọ déètì àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé àbúrò yín ló máa kà á, lọ́jọ́ tí ẹ ò ní sí nítòsí tó máa bi yín.