Ọwọ́ Tó Ń Ṣa Lẹ́tà

Orí ímeèlì ni iṣẹ́ àtúnṣe Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń lọ. Ẹni tó bá tún kóòdù kan ṣe ní Jámánì tàbí ní Íńdíà yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà gan-an, kò ní so fáìlì kankan mọ́ ọn. Lẹ́tà tó ń wọ ojúkò ìjíròrò wọn tó tóbi jù lè lé ní 1,000 lóòjọ́. Síbẹ̀, ẹ wo alábòójútó ẹ̀ka kan lẹ́nu iṣẹ́: kò kánjú.

Kí ó tó jókòó, asẹ́ ímeèlì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Àkọlé lẹ́tà lè yí padà, nítorí náà asẹ́ kò gbára lé e. Ìlà kan tó ń jẹ́ List-Id, tí wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2001, ló ń wò, òun ló sì fi ń da lẹ́tà ìjíròrò kọ̀ọ̀kan sí àpò tirẹ̀. Àpò lẹ́tà tí wọ́n kọ sí alábòójútó gan-an ló kọ́kọ́ ṣí.

Mutt, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, ló ń lò. Kò sí àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni, bọ́tìnnì ló sì fi ń darí rẹ̀. Èsì kọ̀ọ̀kan ń gbé Message-ID, ìyẹn àmì ìdánimọ̀, lẹ́tà tó ń dá lóhùn, ìyẹn ni mutt fi ń tò wọ́n sábẹ́ ara wọn. Ó wo lẹ́tà òkè, ó wo àwọn tó dá sí i. Kò kàn án. Ó tẹ Ctrl àti D lẹ́ẹ̀kan, gbogbo èsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Bí ẹni ń fẹ́ ọkà ni: ìyàngbò ń lọ, ọwọ́ kò dúró.

Ó dúró lórí “[PATCH v2 2/5]”: ìkejì nínú àtúnṣe márùn-ún, ẹ̀dà kejì. Ó ń kà á láti ìlà dé ìlà. Èyí tó ní àmì − ń jáde, èyí tó ní + ń wọlé. Ó rí i pé wọ́n fi kmalloc béèrè àyè ìrántí, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyè náà wà. Ó gé gbogbo ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú èsì rẹ̀, ó fi ìlà mẹ́ta tí àṣìṣe náà wà sílẹ̀, ó kọ ìbéèrè sí abẹ́ wọn gan-an.

Nígbà tí v3 bá dé, tí àyẹ̀wò náà ti wọ ibi tó yẹ, ó kó márààrún sínú àpò kan, ó pe git, ètò ìtọ́jú kóòdù tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Àṣẹ “git am -s” ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi orúkọ ẹni tó kọ kóòdù àti àlàyé rẹ̀ pamọ́, ó sì fi “Signed-off-by” alábòójútó sí ìsàlẹ̀. Ó dán an wò, kò sí wàhálà. Ó fi ìlà kan ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti wọlé. Ẹni tó ń retí mọ̀ pé kò sí v4 mọ́.