Díìṣì Ńlá, Díìṣì Kékeré

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó n'Ìbàdàn, tó bojú wo àwọn páànù tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀, díìṣì ni yóò máa rí káàkiri, ọ̀pọ̀ wọn ló sì kọjú sí ìlà-oòrùn bí ẹni tó ń retí àlejò. Kì í ṣe èèṣì. Lójú ọ̀run lókè Kẹ́ńyà lọ́hùn-ún ni sátẹ́láìtì tó ń gbé DStv wá wà, ó fi nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ga sí ilẹ̀, ó sì ń bá ayé yí lọ́gbọọgba, àfi bí ẹni pé ojú kan ló dúró sí.

Díìṣì ńlá ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ilé olówó la ti ń rí i nígbà náà: abọ́ onírin tó fẹ̀ ju mítà 2 lọ, tí wọ́n fi kọnkéré rì mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá. Iyì rẹ̀ kò tíì tán lójú mi. Ìgbì tó ń gbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7, òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ìkànnì ọ̀fẹ́ ló ń kó wálé, kò sówó oṣù. Àmọ́ èdè àjèjì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Díìṣì kékeré, irú èyí tó ń gba DStv, kì í sábà fẹ̀ tó mítà 1. Ìgbì tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi ń já wẹ́wẹ́ bí òjò ńlá bá dé. Mo fẹ́ràn láti máa wo ẹni tó ń so ó. Yóò dúró lórí àkàbà, yóò rọra tẹ abọ́ náà bíńtín, yóò ké sí ọmọ tó wà ní pálọ̀: “Ṣé ó ti dé?” “Kò tíì dé o!” Ó tún sún un díẹ̀, bíi fífẹ̀ èékánná. “Ó ti dé! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!” Gbogbo ilé á hó yèè.

GOtv ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà á mọ́ wọn, ṣùgbọ́n orí òpó tó wà nítòsí ni eríà rẹ̀ ti ń gba àwòrán, kì í ṣe ojú ọ̀run. Ó dùn ún lò nígboro. Ẹni tó wà lóko lè má rí i gbà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, díìṣì kékeré ni n ó mú, tòjò tòjò. Òun ló gbé Africa Magic Yoruba wọlé, tí ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo eré ní èdè rẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọ-ọmọ ń túmọ̀ fún un. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra tiyín, ẹ kọ́kọ́ jáde síta, kí ẹ wo ìlà-oòrùn ilé yín. Bí igi máńgòrò tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò bá dí ojú ọ̀run níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn tí wọn yóò gbé díìṣì sí kí ẹ tó sanwó.