Ìdánwò, Ìdẹwò àti Ẹ̀tàn: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ ní Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan

Nígbà kan tí mo ń yẹ àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi wò, mo bá gbólóhùn kan pàdé tí ó dá ọwọ́ mi dúró. Ọmọ náà ń ròyìn bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣe wá mú un ní abúlé kí ó lè lọ kàwé ní ìlú ńlá. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun fi búrẹ́dì àti bàtà tuntun “seduce” òun. Olùkọ́ tí ó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí kò mọ ọmọ náà bá ka ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá tàbí adájọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ni yóò kà sí ọkùnrin rere yẹn lọ́rùn. Mo ní kí ọmọ náà mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà kan ṣoṣo: “tempt, entice, lure, seduce, allure, tantalize”, tí a sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ojú pátákó ni ó ti dà á kọ, ọwọ́ èmi gan-an ni ó sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Àṣà títo ọ̀rọ̀ sójú kan bí ẹni to iṣu sí ọjà ti mọ́ wa lára. Peter Mark Roget, oníṣègùn tí ó tẹ ìwé Thesaurus rẹ̀ jáde ní 1852, ni ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ó fara jọra sábẹ́ orí kan, kò sì sọ ohun tí ó yà wọ́n. Kò ṣẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti gbọ́ èdè náà, tí ọ̀rọ̀ kan kàn fò lọ mọ́ lọ́kàn, ni ó kọ ọ́ fún. Ṣáájú rẹ̀, ní 1816, George Crabb ti ṣe ìwé mìíràn tí ó mú ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta papọ̀, tí ó sì tú wọn palẹ̀ kí a lè rí ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀nà ti Crabb ni ó yẹ ọmọ tí ń kọ́ èdè, ṣùgbọ́n ti Roget ni a gbé wọ kíláàsì. Àwa a sì máa di ẹ̀bi náà ru ìdánwò àṣejáde, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìbéèrè ń wí ni pé kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ “sún mọ́” èyí tí a fi hàn án. Ilé tí ó sún mọ́ tiwa kì í ṣe ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè Látìn ni “tempt” ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí a fọwọ́ ba nǹkan láti mọ bí ó ti rí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni “attempt”, tí í ṣe ìgbìyànjú. Ẹni tí a “tempt” kò tíì ṣubú. Ó lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ẹni tí a “seduce” ti ṣubú ná, nítorí fífa ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà ni Látìn ń pè bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn òǹkọ̀wé a máa sọ pé owó tàbí ipò “seduce” ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ó ṣe é sí ènìyàn, ọ̀rọ̀ ibùsùn ni etí ń gbọ́.

“Lure” ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Àwọn tí ń fi àṣá ṣọdẹ ní Yúróòpù láyé àtijọ́ a máa di ìyẹ́ mọ́ okùn, wọn a sì máa jù ú fìrìfìrì kí àṣá tí ó ti fò jìnnà lè rò pé ẹyẹ ni, kí ó sì padà. Nítorí náà, “lure” ní ibi kan tí ó ń fa ènìyàn lọ, ibẹ̀ kì í sì í sábà dára. Bí a bá fẹ́ mú ọ̀bọ, à á ṣe bí ọ̀bọ: ẹni tí ó pa òwe yìí mọ “lure” dáadáa. “Entice” jẹ mọ́ ògúnná. A ti ko iná sí ìfẹ́ ọkàn ẹni tí a ṣe é sí. “Allure” kò tilẹ̀ béèrè ẹlẹ́tàn, ẹwà nǹkan náà ni ó ń fani. Ti “tantalize” ni ó dùn mọ́ mi jù. Nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì, Tantalus dúró nínú omi, èso sì so sí òkè orí rẹ̀; bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti mu, omi a fà sẹ́yìn, bí ó bá nawọ́, èso a lọ sókè. Ẹni tí a ṣe báyìí sí kì í rí nǹkan náà gbà láéláé. Báwo ni ọmọ yóò ṣe wá fi í sọ̀rọ̀ nípa bàtà tí ó wọ̀ wá sí kíláàsì?

Èdè tiwa náà ní ọwọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Yorùbá ní “dán wò”, ó sì ní “dẹ wò”. “Dẹ” yìí ni ó wà nínú ọdẹ, nínú ìdẹ, àti nínú kí a dẹ tàkúté. Ẹni tí ń dán mi wò lè fẹ́ kí n yege; ẹni tí ń dẹ mí wò fẹ́ kí n kó sí i. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, lo “dán wò” fún ohun tí Ọlọ́run ṣe sí Ábúráhámù, wọ́n sì fi “ìdẹwò” sínú Àdúrà Olúwa. Síbẹ̀, “dán wò” náà ni wọ́n tún lò fún iṣẹ́ Èṣù sí Jésù nínú aginjù. A kò lè bá wọn wí jù, nítorí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò dúró lójú kan: “tempt” ni ìtumọ̀ ti 1611 lò nípa Ábúráhámù, àwọn alátùn-únṣe ti 1885 sì yí i sí “prove”.

Lónìí, “ìdẹwò” fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ àdúrà nìkan, “ìdánwò” sì ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta: ti ilé ìwé, ti ìpọ́njú àti ti ẹ̀ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ jóná fi ń kọ ọ́ pé òun wà nínú “temptation”, nígbà tí ó jẹ́ “trial” ni ó bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Kánò yóò ti ṣàkíyèsí pé “jarrabawa” ti Haúsá ń ru ẹrù ìdánwò ilé ìwé àti ti ìpọ́njú pọ̀. Àwọn Ìgbò ní “ule” fún ti ilé ìwé, “ọnwụnwa” sì ni wọ́n fi ń pe ìpọ́njú àti ẹ̀ṣẹ̀. Kí olùkọ́ tó mú pátákó, ó yẹ kí ó mọ ibi tí èdè ilé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti ṣì wọ́n lọ́nà.

Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ọ̀rọ̀ yìí ti fúyẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ní òun “tempted” láti tètè lọ sílé kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tí àwa ń pè ní “ó ń wù mí” ni ó wí. Àwọn aládùn-únjẹ sì ń fi “temptation” polówó àkàrà òyìnbó. Ọmọ tí ó mọ ti ìwàásù nìkan kò ní gbọ́ àwàdà inú rẹ̀.

Mo dá ìwé ọmọ náà padà fún un, mo ní kí ó pa “seduce” rẹ́. Ó bi mí pé, “Èwo nínú àwọn márùn-ún tí ó kù ni kí n fi sí i, sà?” Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ní Yorùbá ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Mò ń sunkún, n kò fẹ́ fi ìyá mi sílẹ̀, wọ́n wá ń rọ̀ mí.” Mo kọ “coax” sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀. Kò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo kọ sójú pátákó.