Ìlù Ń Dún Lóde, A Ń Da Nóòtì Kọ: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Eré Oníṣe àti Orin ní Agbègbè Èjìgbò

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní iṣẹ́ ọnà, eré oníṣe àti orin. Èjìgbò àti àwọn ìletò tó yí i ká, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ló burú jù. Ohun tó mú wa yàn án ni pé ìlú náà ní eré tirẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, síbẹ̀ a kò rí ojú eré náà nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a yẹ̀ wò níbẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kan Akọ́mọlédè nínú ọ̀rọ̀ àwòrán àti dùùrù. Ó kàn wá gidigidi, bí a ó ti rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìdánwò kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè náà, tí a kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì kọ orúkọ ohun èlò orin mẹ́ta tí a ń lù. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ìdílé Àyàn, kọ ìyá ìlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú. Òdo ni olùkọ́ fún un. Nígbà tí a béèrè ìdí rẹ̀, ó ṣí nóòtì fún wa: "drum", "cymbal" àti "xylophone" ló wà níbẹ̀. Ó ní ìlù kan náà ni ọmọ yìí pè ní orúkọ mẹ́ta, àti pé bí òun bá tilẹ̀ fẹ́ ṣàánú rẹ̀, máàkì kan ṣoṣo ni ìbá gbà. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Gúdúgúdú kò ní ọṣán tí a lè fún mọ́ra, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni a fi ń lù ú, ohùn rẹ̀ kì í sì í yí padà. Ohùn mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta. A kò bínú sí olùkọ́ náà. Ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ló kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n kó iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn, ìwé tí wọ́n fún un ló sì ń tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Nígbà tí Àìná Ọnàbólú (1882–1963) ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1922, níbi tí ó ti lọ kọ́ àwòrán yíyà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama l'Ékòó, ó sì ń rọ ìjọba amúnisìn kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sínú ètò wọn. Òyìnbó tí ìjọba mú wá ní 1927, Kenneth Murray, kò gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí pé àwọn òyìnbó ti ní kò sí èyí tó lè ṣe é nínú wa. Murray ní tirẹ̀ ní kí ọmọ máa wo ère, ìkòkò àti aṣọ ilé baba rẹ̀. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Ọnàbólú ló máa ń dùn wá jù, nítorí pé ẹni tí wọ́n bú ló mọ ibi tó ti dùn ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni àríyànjiyàn náà dá lé. Orin wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, eré wà lóde, àwòrán wà ní kíláàsì; bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà fún ìgbà pípẹ́.

Nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2012, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sábẹ́ ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń pè ní C.C.A. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló fapá jánú. Wọ́n ní èyí ló pa orin, òun ló pa àwòrán, pé ta ni yóò lè kọ́ gbogbo rẹ̀? A bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n a kò gbà pé kíkó wọn pọ̀ ni àṣìṣe. Yorùbá kò yà wọ́n nípá rí. Ẹ wo eégún aláré: ẹni tó gbẹ́ ojú eégún, ẹni tó rán agọ̀, ẹni tó ń sun iwì, onílù àti oníjó, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí Clapperton wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rí àwọn tó wọ inú àpò jó, ó rí erè tó ń wọ́ kiri ilẹ̀, ó sì rí "òyìnbó" funfun kan tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ta ló lè sọ ibi tí iṣẹ́ ọnà ti parí níbẹ̀ tí eré bẹ̀rẹ̀?

Kò yẹ kí a lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Òṣogbo kò jìnnà sí Èjìgbò. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Georgina Beier sì ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní 1964, láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ti jáde. Múráínà Oyèlámì ń lùlù, ó ń ṣeré, ó sì ń ya àwòrán. Twins Seven-Seven, oníjó ni. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń ṣètò iná fún wọn lórí ìtàgé. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. A kò rò pé ẹni tó bá da nóòtì kọ fún ọdún mẹ́ta yóò dé ibẹ̀.

Níbo wá ni ẹ̀bi wà? Inú ìwé ni. Nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí a yẹ̀ wò, ìtumọ̀ ló kún ibẹ̀: kí ni eré, kí ni orin, dárúkọ oríṣi àwọ̀ mẹ́rin. Kò sí ojúlé kan tí ọmọ ti kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí tàbí tí ó gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ìwé kan tilẹ̀ wà tó ní eré gbọ́dọ̀ ní ìtàgé, òṣèré àti òǹwòran tó jókòó.

Ẹni tó bá ti wà ní Èjìgbò lásìkò ọdún Ògìyán, nígbà tí iṣu tuntun bá dé, yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Òrìṣà funfun ni Ògìyán, orúkọ yìí náà sì ni oyè ọba ìlú. Iyán ni oúnjẹ rẹ̀. Ó wà nínú orúkọ rẹ̀ fún ẹni tó bá tẹ́tí. Lọ́jọ́ ìjà, ìlú a pín sí méjì, Òkè Màpó lápá kan, Ìsàlẹ̀ Oṣolo lápá kejì, wọn a sì fi àtòrì na ara wọn. Pierre Verger (1902–1996), ará Faransé tó pẹ́ láàárín wa, kọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà, tó jáde ní èdè Potogí ní Brazil ní 1981. Babaláwo kan, ọ̀rẹ́ ọba, ti ìrìn àjò dé, ó sì pe ọba ní orúkọ eré tí wọ́n jọ ń pe ara wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé ó rí ọba fín. Wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Fún ọdún méje, òjò kò rọ̀. Nígbà tí ọba wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó bẹ̀ ẹ́, ẹ̀tùtù tí babaláwo bi ìlú ni pé kí wọ́n máa fi ọ̀pá lu ara wọn lọ́dọọdún.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ eré oníṣe. Àṣìgbọ́ ló fa ẹ̀ṣẹ̀. Ìyà jẹ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ìlú gbà láti fi ara tirẹ̀ san án padà. Kò sí ìtàgé, ìgboro ni ìtàgé. Kò sì sí òǹwòran kan tí a lè dá mọ̀ yàtọ̀, nítorí àdúgbò tí wọ́n bí ọ sí ló ti fún ọ ní ipa tìrẹ. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lórí èyí tó ogún ojúlé nóòtì. A kò ní kí olùkọ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ gba àtòrì o.

Ohun tó wá ń dùn wá ni ti Brazil. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kó Ògìyán dání; Oxaguiã ni wọ́n ń pè é ní Bahia, wọ́n sì ń fi odó àti iyán ṣe ọdún rẹ̀ títí di òní. Ní 2003, ìjọba Brazil ṣe òfin kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 10.639, tó ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ ìtàn àti àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà níbẹ̀, pàápàá jù lọ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, lítíréṣọ̀ àti ìtàn. Nínú ọgbà Ilé Àṣẹ Ọ̀pọ́ Àfọ̀njá ní Salvador, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà, Eugênia Anna dos Santos, tó ń fi ìtàn àwọn òrìṣà kọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ Bahia lè mọ Eléèjìgbò nínú kíláàsì, kí ọmọ Èjìgbò má mọ̀ ọ́n nínú tirẹ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń wí. Mùsùlùmí àti ọmọlẹ́yìn Krístì ló pọ̀ jù ní ìlú náà, wọn kò sì fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ di ojúbọ. A kò gbà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ní kò sí ìbọ níbẹ̀ rárá, pé àṣà lásán ni. Ìbọ wà níbẹ̀. Ìlù ìgbìn, fún àpẹẹrẹ, ìlù òrìṣà funfun ni. Kò yẹ kí a gbé e wá lu ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ìdánwò. Ṣùgbọ́n dùndún kò ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀, ìtàn babaláwo àti ọba kò sì ní. Dúró Ládípọ̀ fúnra rẹ̀, orin Àjíǹde tó kọ fún ìjọ ní 1961 ló fi dùndún sí, tí àwọn kan fi bá a jà. Ta ló tún bínú sí dùndún nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí?

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Dò, re, mí ni a fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kì í ṣe olùkọ́ orin ní wákàtí náà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, rí i pé ohùn orin tí kò bá tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ń ba ìtumọ̀ jẹ́. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Àwa ni ó yẹ kí a máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe sí ìwé eré onítàn tí ó wà lọ́wọ́ wa? Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi borí nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, tí ó sì jáde ní 1970, eré ni. A kọ ọ́ kí wọ́n lè ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ní kí ọmọ kan kà, kí èkejì gbà á, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, a ó sì bèèrè pé "sọ ìwà Ẹ̀fúnṣetán". A kò lè máa bá olùkọ́ C.C.A. wí nígbà tí àwa náà ń fi eré ṣe nóòtì.

Ní Èjìgbò, ọ̀rọ̀ yìí tún le díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló ní ènìyàn ní Côte d'Ivoire, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Abidjan sì máa ń padà wálé wá kàwé, Faransé lẹ́nu wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè kọ àròkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó lè jó, ó lè gba ipa ẹ̀ṣọ́ tó lu babaláwo, inú eré náà ni yóò sì ti gbọ́ èdè.

Àbá wa kò pọ̀. Nínú ìdánwò àwòrán ti ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya nǹkan. Kí àwa náà fi apá kan máàkì Yorùbá sílẹ̀ fún ohun tí ọmọ bá fi ẹnu àti ara ṣe. Ní sáà tí ọdún ìlú bá bọ́ sí, kí olùkọ́ Yorùbá àti ti C.C.A. da wákàtí wọn pọ̀, kí wọ́n pe onílù kan wá, kí wọ́n sì san owó fún un bí wọ́n ti ń san fún ẹni tó ń tún àga ṣe.

A bẹ olùkọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan pé kó fún ọmọ Àyàn yẹn ní máàkì mẹ́ta rẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe mọ́, ọ̀gá ti buwọ́ lu èsì. Nígbà tí a dìde, ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó wá rọra béèrè èwo gan-an nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹríkẹrì. A ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà.