Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rí As Nature Made Him, ìwé tí John Colapinto kọ ní 2000, ẹ rà á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń bímọ ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀.

Ìtàn David Reimer ni, ìbejì tí wọ́n bí ní Winnipeg, ní Kánádà, ní 1965. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù láti dá abẹ́ fún un. Ẹ̀rọ oníná tí dókítà lò jó nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dànù. (Olóòlà tiwa náà máa ń ṣèèṣì o.) Ọ̀jọ̀gbọ́n John Money ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé títọ́ ló ń sọ ọmọ di ọkùnrin tàbí obìnrin. Ní 1967 wọ́n yọ kórópọ̀n rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní kaba, wọ́n pè é ní Brenda, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un. Ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Síbẹ̀ Money ń kọ̀wé káàkiri pé iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Ibi tí Colapinto ti fakọ yọ ni bó ṣe jẹ́ kí David fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́wọ́ fún un ní 1980, ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọdún 2004 ló para rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá òǹkọ̀wé yìí rò: ẹrù Money ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn dókítà Winnipeg tó rí i pé nǹkan ti wọ́ ńkọ́? Ọdún 1997 ni ọ̀kan nínú wọn, Keith Sigmundson, tó bá Milton Diamond kọ ọ́ síta. Ìwé náà fọwọ́ bà á, ó sì kọjá lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀ràn wà.

Lónìí, àwọn tí kò fẹ́ kí dókítà yí akọ tàbí abo ẹnikẹ́ni padà ń fi ìwé yìí jà. Àwọn tó ń fúnra wọn wá irú ìtọ́jú náà ń fi jà pẹ̀lú, pé títọ́ kò lè sọ ènìyàn di ohun tí kò jẹ́. Ìbéèrè Dókítà Hilary Cass nínú ìròyìn rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 2024 ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: àwọn ọmọ tí a tọ́jú, báwo ni wọ́n ṣe rí lẹ́yìn náà? Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú àgbà kò jẹ́ kí wọ́n rí àkọsílẹ̀ wọn.

Nílé wa ńbí, wọ́n ń bí ọmọ tí a kò lè tètè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, ìyá ọkọ ti ń béèrè orúkọ. Àfi bí ọmọ kò bá lè tọ̀, kí dókítà fi ọ̀bẹ sílẹ̀ títí ọmọ á fi lè sọ̀rọ̀. Ayọ̀ àti Ìbùkún kì í kúkú yan akọ, wọn kì í yan abo.